Ìtọ̀ ló yẹ ká yẹ̀ wò ká tó ra oògùn

Bí ìtọ̀ bá ń ta obìnrin kan ní Òkè-Àfà, ní Ìsọlọ̀ nílùú Èkó, kẹ́míìsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ yà. Wọ́n á ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n ni, wọ́n á gbé Ampiclox tàbí Cipro fún un. Bí ara kò bá yá, á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojúlówó oògùn pàápàá lè kùnà. Kòkòrò E. coli, tó ń gbé inú ìfun wa láìpa wá lára, ló sábà ń fa àkóràn yìí nígbà tó bá wọ ilé ìtọ̀. Lára apilẹ̀ àbùdá tó ń dáàbò bo irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oògùn ni CTX-M-15, tí àwọn onímọ̀ ti jábọ̀ rẹ̀ nínú kòkòrò mìíràn tó ń jẹ́ Klebsiella láti Nàìjíríà ní 2006. Òun ló ń jẹ́ kí kòkòrò pèsè èròjà tó ń ba ceftriaxone, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Rocephin, jẹ́ kó tó ráyè ṣiṣẹ́. Orí òrùka DNA kékeré tó ń jẹ́ plasmid ni apilẹ̀ àbùdá yìí sábà máa ń wà, plasmid kan náà sì lè gbé ààbò lọ́wọ́ Cipro, gentamicin àti Septrin dání. Kòkòrò kan lè fún òmíràn ní ẹ̀dà plasmid náà, kódà bí ẹ̀yà wọn ò bá jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tí kò ṣi oògùn lò rí náà lè wá ní kòkòrò tí oògùn ò ràn. Nítorí náà, mi ò gbà pé ká kàn máa bá aláìsàn wí lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn Lancet gbé jáde ní 2022 fi hàn pé 1.27 mílíọ̀nù ènìyàn ni àkóràn kòkòrò tí oògùn ò ràn pa lágbàáyé ní 2019, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló sì le jù sí. Ohun tí mo ń béèrè fún ni kí wọ́n gba ìtọ̀ fún àyẹ̀wò kí oògùn àkọ́kọ́ tó kan ẹnu. Àwọn kan á ní àbájáde rẹ̀ máa ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ìrora kì í sì í dúró. Òótọ́ ni, pàápàá fún aboyún, tí àkóràn náà lè gòkè dé kíndìnrín rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígba ìtọ̀ ò ní kí ìtọ́jú dúró: dókítà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn bíi nitrofurantoin, tó ṣì ń ran ọ̀pọ̀ E. coli, kó yí i padà bí àbájáde bá ní kó yí i. Ti owó àyẹ̀wò ló le jù, ṣùgbọ́n oògùn náà ti wọ́n. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ GSK, tó ń ṣe Augmentin, ti kéde ní 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, owó Augmentin ti fò sókè. Ẹni tó ra oògùn mẹ́ta tí kò ràn án ti náwó gan-an. Mi ò ní kí wọ́n ti kẹ́míìsì pa, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lè tó ìtọ́jú. Kí àyẹ̀wò yìí wà láìsan kọ́bọ̀ kún un fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ nínú Ìlera Èkó, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìpínlẹ̀ Èkó, kí wọ́n sì máa kó àbájáde rẹ̀ jọ ládùúgbò ládùúgbò, kí dókítà àti oníkẹ́míìsì ní Ìsọlọ̀ lè mọ oògùn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.