Àwọn Tó Ń Ṣàwárí Ọ̀rọ̀ Dante

Kò sí ìlà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú ohun tí Dante Alighieri fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Wọ́n bí i ní Florence ní 1265, wọ́n lé e kúrò nílùú, ó sì kú sí Ravenna ní 1321. Commedia, ewì ńlá rẹ̀, ọwọ́ àwọn adàwékọ ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí tó nǹkan bí 800, ọ̀rọ̀ inú wọn kò sì bára mu délẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìwé àfọwọ́kọ ni láti wádìí èyí tó jẹ́ ti akéwì gan-an. Adàwékọ kan á fo ìlà, òmíràn á rí ọ̀rọ̀ tí kò yé e, á sì fi èyí tó mọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá da tirẹ̀ kọ á jogún àṣìṣe náà. Bí ìwé méjì bá wá ní àṣìṣe kan náà, tí kì í ṣe irú èyí tó lè ṣèèṣì bọ́ lọ́wọ́ ẹni méjì, á jẹ́ pé orísun kan ni wọ́n ti ṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń to ìran àwọn ìwé náà nìyẹn.

Ní 1891, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ yìí, Michele Barbi, yan ibi 396 nínú ewì náà tí wọn yóò máa fi yẹ ìwé wò. Síbẹ̀ ìṣòro kan le ju pípọ̀ ìwé lọ: òǹkọ̀wé tó ń jẹ́ Boccaccio. Ó fẹ́ràn Dante débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló da Commedia kọ, ṣùgbọ́n ó ń ṣa ọ̀rọ̀ láti inú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń lù wọ́n pọ̀, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí Giorgio Petrocchi fi gbé ìtẹ̀jáde rẹ̀ ti 1966 sí 1967 ka àwọn ìwé tó ṣáájú Boccaccio nìkan. Ọ̀kan nínú wọn, tó wà ní Piacenza, 1336 ni wọ́n dà á kọ, ọdún 15 péré lẹ́yìn ikú Dante. Lójú tèmi, ìpinnu akọni ni Petrocchi ṣe.

Ti Boccaccio fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Ìwé àfọwọ́kọ Decameron kan, tó jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀, wà ní Berlin tí àwọn ojú ewé kan ti sọnù nínú rẹ̀, tí àṣìṣe sì wà níbẹ̀. Ní 1962, Vittore Branca àti Pier Giorgio Ricci fi hàn pé ọwọ́ Boccaccio ló kọ ọ́. Òǹkọ̀wé tó ń da iṣẹ́ ara rẹ̀ kọ náà máa ń ṣàṣìṣe!

Iṣẹ́ lórí Dante kò tíì parí. Ní 2001, Federico Sanguineti gbé ìtẹ̀jáde mìíràn jáde lórí ìwé 7, àríyànjiyàn ńlá sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka Commedia, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ onímọ̀ tó ṣètò èyí tó wà lọ́wọ́ yín.