Odò Ògùn kì í ṣe odò Ògún

Ẹ̀yin ọmọ mi àtijọ́, lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ-ọmọ mi kan há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lórí afárá Kàrá, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọmọ náà wo omi tó wà nísàlẹ̀, ó ní, “Bàbá àgbà, ṣé odò Ògún tó ni irin nìyí?” Mo ní rárá. Ó ní olùkọ́ àwọn ló sọ pé orúkọ òrìṣà Ògún ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ náà.

N kò lè bínú sí olùkọ́ yẹn. OGUN lásán ni wọ́n máa ń kọ sára pátákó, láìsí àmì ohùn kankan. Ẹni tó bá rí i lè kà á sí ogun tí à ń jà, ogún tí bàbá fi sílẹ̀, tàbí Ògún onírin. Àpẹẹrẹ mẹ́ta yìí gan-an ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí ohùn lọ́dọọdún. Bí ìwé yín bá ṣì wà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: n kò kọ odò mọ́ ọn. Èyí tó jẹ́ orúkọ ilẹ̀ ni mo fò! Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀.

Dò-mí ni ohùn òrìṣà. Dò-dò ni ti odò: Ògùn. Ohùn kan péré ló yà wọ́n. Ẹni tó bá rí Abẹ́òkúta láìsí àmì ṣì lè rí “abẹ́” àti “òkúta” nínú rẹ̀; àpáta Olúmọ wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí. Orúkọ odò kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ohùn nìkan ló dì í mú, àwọn ọmọ òde òní sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Apá Ṣakí ni Ògùn ti ṣẹ̀. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá kó tó wọ ọ̀sà Èkó. Púpọ̀ nínú omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń mu l'Ékòó, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á. Nígbà tí ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n mú. Kò sì dá wà o. Ọ̀ṣun, Niger, Benue, Kaduna, Sokoto, Anambra, Imo, Yobe, odò ni gbogbo wọn. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Flora Shaw ló dá orúkọ yẹn lábàá nínú ìwé ìròyìn The Times ní 1897, láti ara odò Niger, èyí tí àwa ń pè ní Odò Ọya. Àwọn ọmọ ń ka orúkọ ìpínlẹ̀ lórí, wọn ò mọ̀ pé odò ni àwọn ń kà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Yemọja. Òun ló ni odò Ògùn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Bràsíl àti Kúbà, wọ́n gbé e dání lọ. Iemanjá ni wọ́n ń pè é ní Bràsíl, Yemayá ní Kúbà. Òkun ló wá di ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí ará Bahia kan bá wá wo odò ìyá rẹ̀ lónìí, tó bi ọmọ iléèwé wa léèrè, ṣé ilé alágbẹ̀dẹ ni yóò mú un lọ ni?

Gbogbo èyí ni mo ń sọ fún ọmọ náà títí ọkọ̀ iwájú wa fi ṣí. Ó ti gbàgbé Flora Shaw kí a tó kúrò lórí afárá. Ṣùgbọ́n títí a fi dé Ṣàgámù, dò-dò, dò-mí, dò-dò ló ń fi ẹnu kọ lẹ́yìn ọkọ̀, tí awakọ̀ fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ sinmi.