Ẹ Mú Ọmọ Náà Dání: Ìwé Ìlàlóye lórí Yíyan Ìwé Àwòrán fún Àwọn Ọmọdé Ìsàlẹ̀ Èkó àti Àyíká Rẹ̀

Ìwé yìí wà fún òbí, àgbà ilé, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi àti ẹnikẹ́ni tó ń tọ́ ọmọ tí kò tíì ju ọdún méje lọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń fa ariwo lójoojúmọ́ ní káńtà tí a ti ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí ìwé ọmọdé ló mú wa kọ ọ́: ẹni tó ń wá ìwé máa ń dé, ẹni tí wọ́n ń wá ìwé náà fún kì í bá a dé. Bí ẹ kò bá ní àyè láti ka ìwé yìí tán, ẹ ka ìpín kìíní, kí ẹ sì ṣe ohun tó wà níbẹ̀.

1. Ẹ mú ọmọ náà dání

A kì í yan ìwé fún ọmọ tí a kò rí.

"Ó wà ní Nursery 2" kò tó. Ilé-ìwé méjì lè wà ní àdúgbò kan náà ní Òkè Pópó, kí Nursery 2 ti ọ̀kan ti máa ka gbólóhùn, kí ti èkejì ṣì máa fi lẹ́ẹ̀dì tọ ojú ABD. "Ọmọ mi gbọ́n gan-an" náà kò tó. Kò sí òbí tó tíì sọ fún wa rí pé ti òun kò gbọ́n. Káàdì èsì ìdánwò kò tó. Fọ́tò ọmọ lórí fóònù kò tó. Ọmọ iṣẹ́ tí ẹ rán wá láti ṣọ́ọ̀bù ní Balógun kò lè fẹnu ara rẹ̀ dáhùn fún ọmọ tó wà nílé, ẹ má sì bá a jà nígbà tó bá padà lọ́wọ́ òfo. Àwa la dá a padà.

Tí a bá fi ojú àánú fún yín ní ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú ohun méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ìwé náà lè le jù. Ọmọ á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á tì í sábẹ́ àga, wọ́n á sì padà wá sọ fún wa pé ọmọ náà kò fẹ́ràn ìwé. Ìwé tí wọ́n gbé fún un ni kò fẹ́ràn. Tàbí kí ó rọrùn jù, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwé ọmọ ọwọ́ ló ń kà, kí ojú tì í, kó má fọwọ́ kan òmíràn mọ́. Ọ̀nà yòówù kó gbà, ẹ ó tún san owó kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ọmọ bá wà níwájú wa, iṣẹ́ náà kò pẹ́. Ohun tí a máa ń ṣe nìyí:

– A ó tẹ́ ìwé mẹ́ta sórí ẹní, a ò sì ní sọ èyí tó dára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ má sọ ọ́. Ẹ má ṣẹ́jú sí i. Ẹ má wúkọ́.

– A ó wo èyí tó kọ́kọ́ gbé, a ó wo ojú-ewé tó padà sí, a ó sì gbọ́ ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀. Ọmọ tó dákẹ́ tó ń wo àwòrán kan kò sùn. Iṣẹ́ ló ń ṣe.

– Bí ó bá ń ṣí ìwé láti ọwọ́ ọ̀tún, ẹ má gbá a lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò yìí ló ń lọ ilé kéú, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n sì ti ń ṣí ìwé níbẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé ìwé ní ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ti mọ ohun ńlá. A ó kàn fi hàn án pé ẹnu ọ̀nà èyí wà ní òdìkejì.

– Bó bá ti mọ lẹ́tà, a ó ní kó ka ojú-ewé kan fún wa, kó na gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀ kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀, kó ká ìka kan. Bí ọwọ́ bá di ẹ̀ṣẹ́ kí ojú-ewé tó parí, ìwé náà ṣì ju agbára rẹ̀ lọ láti dá kà. Ẹ lè máa kà á fún un. Bí ìka kan tàbí méjì péré bá ká, ìwé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ lè ṣe èyí fúnra yín nílé tàbí nídìí àtẹ oníwèé. Kò gbowó, kò gba ìwé ẹ̀rí.

Bí ọmọ kò bá lè wá nítorí àìsàn tàbí ìpèníjà ara, ẹni tó ń wẹ̀ fún un tó sì ń bá a jẹun ni kó wá, kì í ṣe ẹni tó ń san owó ilé-ìwé rẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ ẹnì kan náà. Ìbéèrè kan la ó bi í: kí ni ọmọ yìí máa ń ní kí ẹ tún sọ fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn lè ṣojú ọmọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kó padà sílé lọ béèrè.

A tún un sọ: ẹ mú ọmọ wá. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n bá jẹ́ ìbejì, ẹ má mú Táíwò nìkan wá kí ẹ ní a ti rí Kẹ́hìndé.

2. "Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀"

Ẹjọ́ tó tẹ̀lé èyí ni pé ìwé tí a dábàá kò ní ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ ní ojú-ewé, owó rẹ̀ sì wọ́n. Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan yẹ̀ wò.

Ní 2017 ni Baby Goes to Market jáde. Atinuke, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Wales, ló kọ ọ́. Angela Brooksbank ló ya àwòrán rẹ̀. Ìyá pọn ọmọ lọ sọ́jà, apẹ̀rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà rí ọmọ, wọ́n fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà. Ó jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún un ní ọsàn márùn-ún, ó jẹ ọ̀kan, mẹ́rin wọ apẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé orí àgbọn. Ìyá kò mọ nǹkan kan, àfi pé ẹrù ń wúwo lórí rẹ̀. Ọmọ tó ń wo àwòrán ló mọ̀. Ohun tí ìyá inú ìwé kò mọ̀ tí ọmọ yín mọ̀ yẹn ló ń pa á lẹ́rìn-ín, ìṣirò sì ti wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti pọ̀n gba ọjà Jánkárà kọjá kò nílò àlàyé kankan.

Nítorí náà, ẹ má ka ìwé àwòrán bí ẹni ń ka ìròyìn. Ẹ kà á bí ẹni ń pàlọ́. Apàlọ́ kì í dá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gbọ́ ló ń gbe orin. Ẹ dúró lórí ojú-ewé. Ẹ béèrè pé, "Mélòó ló kù?" Bí ọmọ bá fèsì tí kò sí nínú ìwé, ẹ tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ní òun ti ka ìwé náà tán kí ọbẹ̀ tó hó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kà, kò tíì ka ìwé.

3. Àwọn ìwé tí a máa ń dábàá

Ohun tí ọmọ ń ṣe la fi tò wọ́n, kì í ṣe kíláàsì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo àwọn tó wà ní ìpín yìí. Ẹ lè fi Yorùbá sọ wọ́n bí ẹ ti ń wo àwòrán.

*Ọmọ tó ń ki ìwé bọ ẹnu.* Ìwé onípáálí líle ni kẹ́ ẹ fún un, àwòrán kan ní ojú-ewé kan. Òótọ́ ni pé ọmọ oṣù mẹ́fà kò lè kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ìyá rẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan la gbà bẹ́ẹ̀: ní Boston, Amẹ́ríkà, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé lé àwọn òbí lọ́wọ́ ní ibi àyẹ̀wò ọmọ ní 1989. Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1992.

*Ọmọ tó ń tọ́ka, tó ń béèrè "Kí nìyí?"* Baby Goes to Market, àti B Is for Baby (2019), láti ọwọ́ àwọn méjì kan náà.

*Ọmọ tó lè jókòó gbọ́ ìtàn.* Catch That Chicken! (2020), ìtàn Lami tí kò sí adìyẹ tí kò lè mú, títí ó fi fi ẹsẹ̀ ṣèṣe tó sì ní láti fi ọgbọ́n ṣe é. Mama's Sleeping Scarf (2023), tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ lábẹ́ orúkọ Nwa Grace-James: ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Chino àti gèlè tí ìyá rẹ̀ fi ń sùn. Mayowa and the Masquerades (2010), láti ọwọ́ Lola Shoneyin. Egúngún abúlé ló wà nínú èyí. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó yóò béèrè ibi tí akẹtẹ̀ àti ọ̀páńbàtà Ẹ̀yọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kó béèrè. Kó ya Ẹ̀yọ̀ tirẹ̀ sórí bébà.

*Ọmọ tó ti ń dá kà.* Too Small Tola (2020), tí Onyinye Iwu ya àwòrán rẹ̀. Nínú Èkó níbí ni Tọ́lá ń gbé, lọ́dọ̀ ìyá àgbà, pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mojí àti Dàpọ̀. Ìtàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọmọ lè ka ọ̀kan kó sinmi. Anna Hibiscus (2007) náà dára fún ọmọ tó ń gbé agboolé, tó mọ bí ẹ̀gbọ́n, àbúrò, bàbá àgbà àti ìbejì ṣe ń pín yàrá. Fún ọmọ tó ń sá fún ìwé ṣùgbọ́n tó mọ orúkọ gbogbo mọ́tò, The No. 1 Car Spotter (2010).

4. "Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́"

Kò ní bà á jẹ́. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ló fi èyí hàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, tí wọ́n bí ládùúgbò yìí ní 1923, ló ṣáájú ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Àwọn bàbá àgbà sábà máa ń béèrè Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ. Ìwé tó dára ni, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ọmọ tó ti ń kọ́ ìwé kíkà ni. Ẹ má gbé e fún ọmọ ọdún méjì nítorí pé ẹ̀yin gbádùn rẹ̀. Ẹ jókòó kà á fún un.

Ìwé àwòrán Yorùbá tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó wà lórí ìkànnì African Storybook, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Ẹ lè kà á lórí fóònù tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ẹ tó mú ìwé Yorùbá èyíkéyìí, ẹ yẹ àmì ohùn wò. Níbi tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ bá ti jọra, ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà yóò ṣìnà.

5. Lísìtì ọ̀fẹ́ ni

A kò ta lísìtì ìwé. A kò ta fọ́ọ̀mù. A kò fi ẹnikẹ́ni sí ẹnu géètì, ìbáà wọ aṣọ tó jọ tiwa. Alágbàtà tó ní òun yóò bá yín gbà á kíákíá, ohun tí a ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ló fẹ́ tà fún yín. Ìmọ̀ràn náà kò gba kóbọ̀. Bí ẹ bá ti sanwó fún un, a kò lè gbà á padà.

Àwọn alágbàtà kan náà ló ń ta ìwé ayédèrú. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni, ṣùgbọ́n ti ọmọ ló kàn wá jù níbí. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé àgbà bá ṣú díẹ̀, àgbà á fi ojú inú kà á. Ìwé àwòrán tí wọ́n ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ní dúdú àti funfun ti kú: ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò pọ́n mọ́, ọmọ kò sì rí ohun tí yóò kà mọ́. Ẹ wo bóyá àwọ̀ ń jáde ní ààlà, bóyá ìka yín dọ̀tí, bóyá ojú-ewé tẹ̀ léra. Ẹ gba rìsíìtì.

6. Àkókò

Àárọ̀ ló dára jù. Tí ilé-ìwé bá ti jáde, èrò á kún, ọmọ náà á ti rẹ̀. Ẹni tó bá dé nígbà tí a ń ti ilẹ̀kùn yóò gba lísìtì, kò ní rí ìmọ̀ràn gbà. Bí òjò bá ti kún ojú títì, ẹ dúró dọ̀la.

7. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá

*Ìwé tuntun ni mo fẹ́. Kí ló dé tí ẹ fi dábàá ti 2007?* Ìwé tí ọmọ kò tíì rí rí, tuntun ni fún un.

*Ìwé kan náà ló ń gbé wá lálaalẹ́. Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀?* Rárá. Ẹ kà á. Yóò fúnra rẹ̀ fi í sílẹ̀.

*Mi ò mọ ìwé kà. Ṣé mo lè wá?* Ẹ wá. Ẹ wo àwòrán, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ọmọ yóò sọ ìyókù.

*Mo mú ọmọ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti sùn sí mi lẹ́yìn.* Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ má jí i. Ìgbà tó bá lajú la ó tẹ́ ìwé mẹ́ta sílẹ̀ níwájú rẹ̀.