KÓKÓ TÍ A KÒ WÁ, ṢÙGBỌ́N TÍ A RÍ

Ká ní ìyá kan tí ń tajà ní Ọjà'ba ní ẹ̀yìn ríro, tí dókítà sì ní kí ó lọ ya àwòrán inú ikùn. Èsì dé: wọn kò rí ohun tí ń fa ẹ̀yìn ríro náà, ṣùgbọ́n wọ́n rí kókó kékeré kan lórí kíndìnrín rẹ̀. Kí ó tó dé ilé ní Bẹyẹrunka, ọkàn rẹ̀ ti dàrú: "Ṣé jẹjẹrẹ ni?" Ẹ̀yin ìyá wa, irú kókó báyìí kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Síbẹ̀, kò yẹ kí a gbé èsì náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Kí ni ó wà lórí kíndìnrín?

Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀yà ara kékeré kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní adrenal. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí gírámù 4 sí 5 lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ó ń tú àwọn èròjà sínú ẹ̀jẹ̀: èyí tí ń mú kí ọkàn sáré nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, èyí tí ń ṣètò iyọ̀ ara, àti èyí tí ń fún ara lágbára nígbà àìsàn.

Kókó lè yọ níbẹ̀ láìfa ìrora. Bí a bá fi ẹ̀rọ CT ya àwòrán ikùn 100 àgbàlagbà, a lè rí i lára bí ènìyàn 4. Ó sì wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára arúgbó. Irú kan tí ó ṣọ̀wọ́n wà tí ó kún fún ọ̀rá àti ohun tí ó dà bí mùdùnmúdùn egungun. Òun náà kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ìbéèrè méjì tí dókítà yóò dáhùn

Èkíní: Ṣé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ? Ìtóbi àti ìrísí rẹ̀ nínú àwòrán ni yóò sọ. Èyí tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 4, tí ọ̀rá sì pọ̀ nínú rẹ̀, kì í sábà léwu.

Èkejì: Ṣé ó ń tú èròjà ní àtújù? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti ti ìtọ̀ tí a gbà jọ fún wákàtí 24, ni yóò fi hàn. Irú kan wà, ó ṣọ̀wọ́n, tí ó lè pani bí kò tilẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀ yóò ru lójijì, orí yóò fọ́, òógùn yóò bo ara, àyà yóò sì máa lù kìkì. Bí ó bá wà lára aboyún tí a kò mọ̀, a lè ṣì í pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti oyún, ẹ̀mí ìyá àti ti ọmọ yóò sì wà nínú ewu nígbà ìrọbí.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

1. Ẹ mú èsì àti àwòrán náà padà sọ́dọ̀ dókítà. Bí ó bá yẹ, yóò kọ ìwé fún yín lọ sí UCH ní Orítamẹ́fà, ilé ìwòsàn ńlá tí a ṣí ní 1957.

2. Ẹ jẹ́ kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín.

3. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lo ìpara tí ń bó àwọ̀ tàbí oògùn bíi prednisolone, nítorí wọ́n lè da àyẹ̀wò rú. Ẹ má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra yín.

4. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ ra ikùn yín, tàbí fi abẹ́rẹ́ gún kókó náà, kí èsì ìtọ̀ tó jáde.

5. Ẹ má ṣe fi àgbo rọ́pò àyẹ̀wò.

Ọ̀pọ̀ tí ó bá ní kókó yìí kò nílò iṣẹ́ abẹ rárá. Èyí tí ó bá tóbi tí ìrísí rẹ̀ sì kọni lóminú, tàbí tí ń tú èròjà tí ń ṣe ara léṣe, ni a sábà ń yọ. Ẹ má ṣe sá fún èsì. Ẹ lọ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀.