Àwọn Ọmọ Yunifásítì Ń Ra Aṣọ Lórí Fóònù: Kí La Lè Ṣe?



Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, ó sì ní ẹ̀ka l'Ókukù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń ra gàrí, ata, epo àti ẹ̀wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo aṣọ ọrùn wọn, ẹ wo bàtà ẹsẹ̀ wọn: ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti rà á. Àwọn aláṣọ àti oníbàtà wa ló mọ ibi tó ti ń ta wọ́n.

Ní 2012 ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n tètè rí èèyàn ni pé wọ́n gbà kí ọjà dé ọwọ́ oníbàárà kó tó sanwó. Ṣé ọgbọ́n ọjà wa náà kọ́ nìyẹn? Ta ló ń ra ẹja láìyẹ ojú rẹ̀ wò? Àmọ́ lóde òní, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà lórí WhatsApp àti Instagram (akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn làwọn mìíràn), owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Aṣọ tó ń dán nínú àwòrán lè dé kó fẹ́lẹ́ bí ìwé, kí ọrùn rẹ̀ má gba orí. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ tí wọ́n á fi dá a padà s'Ékòó?

Kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń rà á? Ká sọ tòótọ́. Lórí fóònù, iye owó wà lára ọjà. Kò sẹ́ni tó máa pòṣé sí ọmọ tó ná ọjà tí kò rà á, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ṣé owó tiẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọjà o, ọmọ tí wọ́n bá sì ṣe é sí kì í padà wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Níbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó bébà di ọ̀wọ́n, gbogbo wa rí i: ẹni tó ní àkáǹtì tó lè fún oníbàárà ló ń rí ọjà tà. Ẹ gba tíránsífà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ má wo ojú fóònù tiwọn. Kí owó wọ àkáǹtì yín, kẹ́ ẹ rí i lórí fóònù tiyín, kí ọjà tó kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ ya àwòrán ọjà yín lójúmọmọ, ẹ kọ iye owó àti ìwọ̀n rẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ gbé e sórí WhatsApp. Àwọn ọmọ yín nílé á bá yín ṣe é. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ lè wá gbé e wọ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù kó tó sanwó. Ẹni tó ń tà ní Ìníṣà tàbí Ìkìrun lè fi rán ọlọ́kadà, kó sì sọ owó ọ̀kadà fún oníbàárà kí ọlọ́kadà tó gbéra.