Ọlidé Gígùn àti Iṣẹ́ Ọwọ́: Ìmọ̀ràn fún Òbí àti Ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Girama

Bí oṣù Agẹmọ bá ti ń lọ sí òpin, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá ti ṣe ìdánwò sáà kẹta tán, tí olùkọ́ ti fi èsì lé wọn lọ́wọ́, tí a sì ti fọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tí a ká a sínú àpótí, nígbà náà ni ọlidé gígùn wọlé dé, èyí tí ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí kò sì sí ìsinmi mìíràn nínú ọdún tí ó gùn tó o. Láyé àtijọ́, oko ni ó ni ọlidé yìí: àgbàdo ń bẹ láti ká, iṣu tuntun ń bẹ láti wà, ọmọ tí ó ń kàwé ní ìlú a sì padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní abà láti di ọkọ́ mú. Ọ̀pọ̀ òbí òde òní kò ní oko mọ́. Ìgboro ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ ìjọba tàbí òwò ni wọ́n sì ń bá kiri láti òwúrọ̀ di alẹ́. Òmíràn nínú wọn a fi ọmọ sí lẹ́sìnnì kí ó tún máa ka ìwé tí ó ti ń kà láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Òmíràn a sì fi í sílẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n àti foonù. Ohun tí a fẹ́ kí òbí tí ó bá ṣí àlámànàkì yìí rò dáadáa ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fún ọmọ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ojúlówó iṣẹ́, lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà bá orí òun mu, kí ọjọ́ tí yóò yan ohun tí yóò kà ní yunifásítì tàbí pólì tó dé bá a.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè sọ ọmọ di ọ̀gá. Gbogbo wa la mọ̀ bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti ń lo ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, àní títí dé ọdún márùn-ún, kí ọ̀gá rẹ̀ tó gbà fún un láti ṣe fíríìdọ́mù, kí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ tó pé jọ láti gbàdúrà fún un, kí wọ́n sì fa ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́. Olóògbé Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tí ayé mọ̀ sí ọ̀gá nínú gbígbẹ́ ère, ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, kékeré ni ó sì ti ń gbẹ́gi lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀; síbẹ̀, nígbà tí ó dàgbà, ó tún lọ sìn lábẹ́ George Bándélé, ọmọ Aréògún, ní ilé iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll ń bójú tó ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bí ọmọ tí a bí sínú iṣẹ́ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sìn pẹ́ kí ó tó gba òye, ọmọ tí ó kàn yà síbi iṣẹ́ ní ọlidé kò gbọdọ̀ padà wálé kí ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tán. Ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè ṣe ni pé kí ó fi ojú àti ọwọ́ ọmọ mọ iṣẹ́, kí ó sì fi han ọ̀gá bóyá ọmọ náà ní sùúrù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo Oròkí, ìlú aró, nítorí kò sí àpẹẹrẹ tí ó tún dára ju èyí lọ ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1962 ni Dúró Ládípọ̀, ọ̀gá eléré orí ìtàgé, àti Ulli Beier, àlejò ará Jámánì tí ó fẹ́ràn àṣà wa, ṣí gbọ̀ngàn Mbari Mbayo, níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré, tí wọ́n sì ń ṣe ìfihàn àwòrán. Ní ọdún náà gan-an, wọ́n pe Denis Williams, ayàwòrán ọmọ Guyana, láti wá kọ́ àwọn èèyàn ìlú ní yíya àwòrán fún ọjọ́ díẹ̀; ó tún wá ní ọdún 1963, nígbà tí ó sì di ọdún 1964, Georgina Beier ni ó darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Àwọn tí ó wọlé síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ayàwòrán. Jimoh Buraimoh, iṣẹ́ iná mànàmáná ni ó ń ṣe fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀. Twins Seven Seven, ijó ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Rufus Ògúndélé sì wà ní ọ̀dọ́ langba. A fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lé wọn lọ́wọ́, a ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n sì ṣe é. Lónìí, àwòrán wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun, àjọ UNESCO sì fi Twins Seven Seven jẹ oyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà ní ọdún 2005.

Ohun tí ó yẹ kí òbí fà yọ níbẹ̀ fara sin díẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ yẹn ìbá ti parẹ́ bí ìrì òwúrọ̀, bí kò bá ṣe pé Georgina Beier rí àwọn tí ọwọ́ wọn yá, tí ó ṣí yàrá iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn lẹ́yìn náà, tí ó ń fún wọn ní ohun èlò, tí ó sì ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi ẹ̀bùn hàn, ọdún púpọ̀ ni ó sọ ẹ̀bùn di iṣẹ́. Ìlú Òṣogbo kan náà ni Nike Òkúndáyé, ọmọ Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, tí àwọn ìyá rẹ̀ àgbà ti kọ́ ní aṣọ híhun àti àdìrẹ ní kékeré, ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ọdún 1983, tí ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ, bàtíìkì, aṣọ híhun àti àwòrán láìgba owó lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ìjọba pẹ̀lú ti rí i pé ìwé nìkan kò tó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun fún girama onípele gíga, tí iṣẹ́ 34 wà nínú rẹ̀, láti orí aṣọ rírán, oúnjẹ sísè, aṣọ rírẹ, kápẹ́ńtà, wẹ́dà, bíríkìlà àti mẹkáníìkì, títí dé àtúnṣe foonù, ẹja sísìn àti fọ́tò yíyà. Wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan ó kéré tán. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni kò ní ẹ̀rọ, tí kò sì ní olùkọ́ tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ fi ń há àkọsílẹ̀ nípa aṣọ rírán sórí láìfi abẹ́rẹ́ kan aṣọ. Ní ọdún 2025, ìjọba kéde pé a ó dín iṣẹ́ wọ̀nyí kù sí mẹ́fà, lára wọn ni aṣọ rírán, ẹran sísìn, iná sólà àti àtúnṣe kọ̀ǹpútà òun foonù. Yálà mẹ́fà ni tàbí 34, ibi tí ọmọ yóò ti fi ọwọ́ kàn án ni ọ̀rọ̀ wà. Tai Solarin mọ èyí tipẹ́, nígbà tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń roko, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ọmọ yunifásítì àti pólì ní ètò SIWES láti ọdún 1973, tí ó ń rán wọn lọ sí ilé iṣẹ́. Ọmọ girama, àfi kí òbí rẹ̀ wá ọ̀gá fún un.

Iṣẹ́ wo ni kí ó lọ wò? Kí a kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè, lẹ́yìn náà kí a wo ohun tí ìlú ń ṣe. Ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ Ẹbẹdí, kò ní láti lọ sí Èkó kí ó tó rí iṣẹ́ gidi, nígbà tí òfì ń dún lágbolé rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta rí àwọn aládìrẹ Ìtòkú nítòsí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wà ní Ìkẹjà lè rí àwọn tí ń tún foonù ṣe ní Computer Village. Ẹ má ṣe pín iṣẹ́ sí ti ọkùnrin àti ti obìnrin, nítorí obìnrin tí ń tún ọkọ̀ ṣe àti ọkùnrin tí ń se oúnjẹ ti pọ̀ nígboro. Iṣẹ́ Ògún, lákáayé, ọ̀ṣìn ìmọlẹ̀, gba ìṣọ́ra: iná wẹ́dà ń ba ojú jẹ́, ẹ̀rọ tí ń gé pákó kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà, nítorí náà ọmọ tí kò tí ì tó ọdún mẹ́rìndínlógún kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ wà nítòsí.

Lórí àdéhùn ni a fẹ́ kí òbí fara balẹ̀ jù. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà gbà kí òbí fi ọmọ tí ó ti kọjá ọdún méjìlá, tí kò sì tí ì pé mẹ́rìndínlógún, sẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, bí ọmọ náà bá gbà, tí ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Òótọ́ ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kéré, ṣùgbọ́n ó sàn kí a kọ ọ́ sílẹ̀: wákàtí tí ọmọ yóò dé àti èyí tí yóò lọ, iye tí a ó san, ẹni tí yóò ra aṣọ tàbí ohun èlò tí ó fi ń kọ́, àti, ju gbogbo rẹ̀ lọ, ohun tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí ó tó kúrò. Ṣọ́ọ̀bù pọ̀ tí ọmọ ọlidé ti ń gbálẹ̀, tí ó ń pọn omi, tí ó ń bá ìyàwó ọ̀gá ra ata lọ́jà, títí ọlidé fi tán. Gbígbá ilẹ̀ kì í ṣe ìyà, àwa náà gbá ilẹ̀ ọ̀gá wa, ọmọ tí ó bá sì mọ ọwọ́ wẹ̀ ni í bá àgbà jẹun. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ gbígbá bá gba gbogbo ọjọ́, a kò rí ìdí tí òbí fi san owó. Ẹ sọ fún télọ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, a fẹ́ kí ó lè wọn èèyàn, kí ó lè gé ṣòkòtò kan, kí ó sì rán an tán fúnra rẹ̀.” Ọ̀gá rere yóò dáhùn tayọ̀tayọ̀. Èyí tí ó bá bínú, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì máa wá òmíràn lọ.

Láti oṣù Èbìbí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè kiri, nítorí ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ kì í gba ju ọmọ díẹ̀ lọ. Nínú oṣù Òkúdu, kí òbí àti ọmọ jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ iṣẹ́, kí wọ́n jókòó fún wákàtí kan tàbí méjì, kí wọ́n wo bí ọ̀gá ti ń bá àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀: ẹni tí ó ń na ọmọ ọlọ́mọ lójú àlejò, kí ni kò ní ṣe lẹ́yìn wọn? Kí a fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọlidé sílẹ̀ fún ìsinmi, nítorí ara ọmọ kì í ṣe irin. Nínú oṣù Ògún, kí ọmọ ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ ohun tí ó kọ́ sí lálaalẹ́: orúkọ irinṣẹ́, iye tí ọ̀gá ra ohun èlò àti iye tí ó gbà lọ́wọ́ oníbàárà, aṣọ tí ó bà jẹ́ àti ìdí tí ó fi bà jẹ́. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò rí i bóyá ọkàn ọmọ wà níbẹ̀, nítorí ọmọ tí iṣẹ́ kò wù kì í kọ ju ìlà kan lọ.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá wọlé, tí ilé ẹ̀kọ́ ń palẹ̀ mọ́ láti wọlé, kí ọmọ mú ṣòkòtò tí ó rán, tàbí iná sólà tí ó so, wá sílé kí gbogbo ìdílé rí i, kí òbí sì padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá ní ọwọ́ ọmọ náà yá, kí a bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ó máa wá ní ọjọ́ Sátidé, kí a sì ra irinṣẹ́ kan ṣoṣo fún ọmọ náà tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá ní kò yá, kí a má ṣe bá ọmọ wí. Kí a bi í léèrè ohun tí ó tún fẹ́ wò, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré náà de ọlidé ọdún tí ń bọ̀.