Fáànù Tó Ń Hó Nínú Kọ̀ǹpútà Géèmù, àti Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Ọmọ Ilé Mi

Olóòtú ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nígbà tí mo sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ tí a ṣe lóṣù tó kọjá, tí ìdílé mẹ́ta sì sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwọn náà ń hó nílé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì ojú irin, n kò kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí ojú mi rí tí ọwọ́ mi sì ṣe ni n ó sọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Kàdúná níbí, ọmọ ọdún 17. Nígbà tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan fún un. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó lágbára, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbá géèmù, tí iná aláràbarà ń tàn nínú rẹ̀ bí ilé ọlọ́dún. Òun kan náà ló fi ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán. Ó ti bá ènìyàn méjì ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó, wọ́n sì sanwó fún un.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni ariwo bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá tan ẹ̀rọ náà, á kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni rere. Bí ó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Ó tún ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ láàárín bí eku tó ń họ páálí. Àwọn ará yàrá kejì sọ̀rọ̀. Ọmọ wa kékeré kò rí oorun sùn.

Èmi kò bèèrè ohunkóhun. Mo ní géèmù tí ó ń gbá títí òru ló ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣí i wò." Mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo yọ wáyà rẹ̀, mo gbé e sínú yàrá mi, mo sì ti ìlẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ni àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ ìwé ìpè ₦15,000 fún un gbé e fún ẹlòmíràn, nítorí wọn kò lè dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. Kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé, "Àbúrò mi, ṣé o ti wo inú rẹ̀?" N kò tíì wò ó. Ojú tì mí, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ní fáànù ẹ̀yìn ti kú, ó fi tuntun sí i, ó gba ₦18,000 lọ́wọ́ mi. A gbé e délé, a tan án, ariwo náà tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí n tó sọ bí èmi àti ọmọ náà ṣe wá ṣí i, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí fáànù ń ṣe níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Kọ̀ǹpútà kò lè ṣiṣẹ́ kí ó má gbóná. Àwọn tó máa ń gbóná jù nínú rẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CPU, àti káàdì tó ń gbé àwòrán sójú gíláàsì. (Àwa níbí máa ń pe gbogbo àpótí náà ní CPU, CPU gan-an kò fẹ̀ ju bísíkíìtì kékeré kan lọ.) Irin aláwẹ́-aláwẹ́ kan jókòó lé CPU lórí láti fa ooru rẹ̀, fáànù sì ń fẹ́ atẹ́gùn gba àárín awẹ́ irin náà. Káàdì àwòrán ní fáànù tirẹ̀. Power pack ní tirẹ̀. Àwọn kan wà níwájú kéèsì tí ń fa atẹ́gùn tútù wọlé, òmíràn wà lẹ́yìn tí ń ti èyí tó gbóná jáde. Nínú ẹ̀rọ ọmọ wa, méje ni mo kà.

Fáànù wọ̀nyí kì í dédé sáré. Ẹ̀rọ náà ń wọn ooru ara rẹ̀ nígbà gbogbo, bí ooru bá sì ti ń gòkè, á pàṣẹ kí wọ́n sáré sí i. Nítorí náà, ariwo híhó kì í sábà jẹ́ pé fáànù ló bàjẹ́. Ìròyìn ló ń mú wá pé ooru kò rọ́nà jáde. Bí ooru bá wá pọ̀ jù, bíi ìwọ̀n 100 Celsius fún ọ̀pọ̀ CPU Intel, ẹ̀rọ náà á dín iṣẹ́ ara rẹ̀ kù. Bí ìyẹn kò bá tó, á pa ara rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwòrán fi ń dúró gbọ̀n-ọ́n lọ́wọ́ ọmọ náà, tí mo sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ohun mìíràn wà. Bí fáànù bá sáré ní ìlọ́po méjì, atẹ́gùn tó ń fẹ́ á di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ á fi nǹkan bí décíbẹ́ẹ̀lì 15 lé sí i, etí ènìyàn á sì gbọ́ ọ bíi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó bá dín ìsáré rẹ̀ kù díẹ̀ ti ra ìdákẹ́jẹ́ púpọ̀.

Ní Òkè Ọya níbí, a kò ní bèèrè ohun tó dí ọ̀nà ooru. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta ni ọyẹ́ ń gbé eruku wá bá wa láti aṣálẹ̀ Sàhárà, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ Bodélé ní Chad. Eruku náà kúnná bí èlùbọ́ tí a jọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí fáànù bá ti ń fa atẹ́gùn, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé.

Ọjọ́ Sátidé kan ni èmi àti ọmọ náà gbé ẹ̀rọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. A tú pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì kọ́kọ́ tan án kí a lè gbọ́ ẹni tó ń pariwo nínú àwọn méje. Àwọn àgbà lẹ́nu iṣẹ́ wa máa ń sọ nípa òṣìṣẹ́ kan láyé ọkọ̀ tó ń jẹ èédú, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa fi òòlù kan ẹsẹ̀ irin ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní ibùdó. Ẹsẹ̀ tó dára á dún gbangba bí agogo. Èyí tó ti sán á dún bí ìkòkò tó là. A ṣe bí tirẹ̀. Mo ká ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa kan bí fèrè (ti oṣù tó ti lọ ni o, Olóòtú, ẹ má bínú), mo fi ẹnu kan sí etí mi, mo na ẹnu kejì sún mọ́ fáànù kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí ó kàn án.

Ìró wọn kò jọra. Bí ó bá ń hó "húúú" bí atẹ́gùn, ìsáré ló pọ̀ jù tàbí ohun kan dí ojú rẹ̀. Bí ó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ohun kan ń kan apá rẹ̀. Bí ó bá ń lọ̀ gìrìgìrì bí ọlọ, pàápàá nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án láàárọ̀ tí ilẹ̀ tutù, bẹ́ríìnì rẹ̀ ló ń kú lọ. Bí kéèsì bá ń gbọ̀n tí ó sì ń dún wọ́ọ̀wọ́ọ̀, ẹ di sukúrúù le. Ìró kan tún wà tó tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn, tó ń yí padà bí àwòrán inú géèmù bá ṣe ń yí. Ìyẹn kì í ṣe ti fáànù rárá, wáyà tí wọ́n ká sínú káàdì tàbí power pack ló ń gbọ̀n. Ẹ má torí rẹ̀ ra fáànù.

Fáànù iwájú kan ló ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló já kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́, tí apá fáànù ń nà án bí ó ti ń yí. Okùn ọ̀rá kan la fi so ó padà. Ohun tó ń lé ọmọ wa kúrò lójú oorun láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ọmọ náà ya bébà fẹ́lẹ́ kan, ó nà án sí ojú fáànù ẹ̀yìn, èyí tuntun tí mo ra. Dípò kí bébà náà fẹ́ síta, ṣe ló lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́. Oníṣẹ́ náà ti dojú rẹ̀ kodò! Iwájú ń fa atẹ́gùn wọlé, ẹ̀yìn náà ń fà á wọlé, ooru kò rí ọ̀nà àbájáde kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí: ìhà tí àwọn ọ̀pá kéékèèké ti di àárín fáànù mú, ìhà ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà jáde. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń ya ọfà sí etí rẹ̀.

A pa á, a yọ wáyà iná, a dúró kí ó tutù. A fi blower alátẹ́gùn tútù àti búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tuntun gbọn eruku dànù. Nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, ẹ fi ìka di apá fáànù mú. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó máa yí fìrìfìrì, bẹ́ríìnì rẹ̀ lè bàjẹ́, ó sì lè máa ti iná padà sínú ẹ̀rọ. Power pack ni kí ẹnikẹ́ni má ṣí. Bí a tilẹ̀ ti yọ wáyà rẹ̀, iná lè ṣì wà ní ìpamọ́ nínú rẹ̀ tó lè gbé ènìyàn. Láti ìta ni kí ẹ ti fẹ́ ẹ.

Eruku tó bọ́ láàárín awẹ́ irin orí CPU nípọn bí aṣọ òfì. A tún yọ irin náà. Ọ̀rá tó yẹ kí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní thermal paste, ti gbẹ bí amọ̀ ògiri. A fi spirit nù ún kúrò, a fi tuntun sí i, ìwọ̀n ẹ̀wà kékeré kan péré. Ẹ má fi ṣe ìpara.

N kò lè fi ti ara wa pamọ́. Orí rọ́ọ̀gì, lẹ́bàá ògiri, lójú ọ̀nà ìlẹ̀kùn ni èmi fúnra mi ní kí a gbé ẹ̀rọ náà sí. Ìyàwó mi sì ti fi aṣọ tó hun bò ó lórí bí ìyá wa ṣe ń bo rédíò, bẹ́ẹ̀ orí ibẹ̀ gan-an ni ihò tí ooru ń gbà jáde wà. Aṣọ náà ti wà lórí fíríìjì báyìí.

Ó ku ètò inú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń tan, ẹ máa tẹ Delete tàbí F2 títí BIOS yóò fi ṣí. Nínú ASUS, Q-Fan ni wọ́n ń pè é; nínú Gigabyte, Smart Fan. Ibẹ̀ la ti ń sọ fún fáànù bí yóò ṣe sáré tó ní ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a ṣe ni pé ní 40 kí ó lo ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, ní 60 kí ó lo 50, ní 75 kí ó lo 80, ní 85 kí ó lo gbogbo rẹ̀. Ẹ tún wo ihò ẹnu wáyà fáànù. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, DC ni kí ẹ yàn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, PWM. Bí ẹ bá yan PWM fún oníhò mẹ́ta, eré àsápajúdé ni yóò máa sá láti àárọ̀ dalẹ́.

Bí bẹ́ríìnì bá ti ń lọ̀ gìrìgìrì, ẹ ra òmíràn. Àwọn kan máa ń ṣí bébà àárín rẹ̀ kí wọ́n kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. Ó lè mú un jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òróró ẹ̀pà yóò dì í pa. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ wọ̀n ọ́n láti etí dé etí. Mìlímítà 120 ló wọ́pọ̀. Bí kéèsì bá gba èyí tó tóbi, òun ni kí ẹ mú, nítorí fáànù ńlá lè rọra yí kí ó sì fẹ́ atẹ́gùn tó èyí tí kékeré ń fi ariwo fẹ́.

Kí a tó ṣe gbogbo èyí, CPU ń dé 94 bí ọmọ náà bá ń gbá géèmù. HWiNFO tó jẹ́ ọ̀fẹ́ la fi wò ó. Nísinsìnyí kò kọjá 72. Fáànù rẹ̀ tó ń yí ìgbà 2,100 ní ìṣẹ́jú kan kò ju 1,200 lọ mọ́.

Mo pe ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn níwájú ìyàwó mi, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin náà kò mọ̀." Mo ka ₦15,000 iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí ó gbà á.

Blower náà wà nílé wa. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, kí ó wá lẹ́yìn ìpàdé Sunday, kí ó sì dá a padà ṣáájú ìpàdé tó tẹ̀lé e, nítorí àwọn mẹ́ta ti forúkọ sílẹ̀ dè é. Ọmọ náà ní òun lè tẹ̀lé yín délé ní Sátidé láti ràn yín lọ́wọ́. Owó ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fún un.